Kí n kọ nọ́ńbà sára ẹranko géèmù mi ni, àbí kí n kọ oríkì rẹ̀?

Ọmọ_UnderG
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, ní àdúgbò Under-G. Mo ń ṣe géèmù kékeré kan fún fóònù. Ọdẹ kan wọ igbó, ó ń pàdé ẹranko, ó lè jà, ó lè sá. Èyí tó bá ṣẹ́gun nínú wọn, ó lè máa pè é wá gbè é níjà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹranko mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tirẹ̀: àwòrán lókè, ọ̀rọ̀ bí ìlà mẹ́fà lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà márùn-ún nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀mí, Agbára, Ààbò, Eré, Ọgbọ́n.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gba àkókò mi jù. Mo jókòó ti bàbá mi àgbà ní Tàkíè fún ọjọ́ mélòó kan, mò ń bi wọ́n bí efọ̀n ṣe ń ṣe, bí ìkookò ṣe ń ké lóru. Nígbà tí mo parí, mo gbé fóònù fún àwọn ọmọ mẹ́fà tí wọ́n máa ń wá ra omi àti bisikíìtì ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ka ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan ṣí efọ̀n, ó ṣí ẹkùn, ó ní, "Ẹkùn 91, efọ̀n 88. Mi ò mú efọ̀n." Ó tán. Gbogbo ohun tí bàbá àgbà sọ wọgbó.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní yunifásítì LAUTECH ní kí n yọ ọ̀rọ̀ kúrò, pé ta ló ń kàwé nínú géèmù. Èmi gan-an, nọ́ńbà ló ń ṣe mí bíi kí n yọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fi ìbínú ba iṣẹ́ jẹ́.

Bàbá_Ìbejì_Sábó
Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé géèmù, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Má bínú sáwọn ọmọ yẹn. Lọ́dọ̀ mi níbí, kí wọ́n tó mú ẹgbẹ́ nínú géèmù bọ́ọ̀lù, nọ́ńbà ara agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò. Ẹni 90 ni gbogbo wọn ń dù. Mo wá ní ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé ẹni 84 ló máa ń mú, torí ó ti mọ bí ẹni yẹn ṣe ń sáré gba etí pápá. Láti àárọ̀ títí iná fi máa lọ, ó ń nà wọ́n. Àwọn tó ń jẹ ìyà ò sì yéé sọ pé, "Tèmi ló pọ̀ jù."

Ohun tí mo rí ni pé nọ́ńbà ń fọkàn ẹni tí kò tíì mọ nǹkan balẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n gbá kì í wò ó mọ́. Má yọ ìkankan. Ṣùgbọ́n má tò wọ́n jọ sójú kan náà, nọ́ńbà á jẹ ọ̀rọ̀ run.

Àdùkẹ́_Kóòdù
Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ṣàlàyé. Pokémon GO, géèmù fóònù tí èèyàn ti ń mú ẹranko, jáde ní 2016. Ẹranko kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní nọ́ńbà mẹ́ta tó fara sin, láti 0 dé 15, tí àpapọ̀ wọn kì í ju 45 lọ. Wọn ò fi wọ́n hàn ẹ́ nígbà yẹn. Olórí ẹgbẹ́ rẹ nínú géèmù ló máa wo ẹranko náà, tó máa sọ̀rọ̀ lé e lórí: tìrẹ yìí yani lẹ́nu, tàbí tìrẹ yìí kò lè ṣe bẹbẹ lójú ìjà. Kí làwọn èèyàn ṣe? Wọ́n jókòó, wọ́n tú ọ̀rọ̀ padà sí nọ́ńbà. Gbólóhùn yìí, 37 sí 45 ló jẹ́. Ìyẹn, 30 sí 36. Òmíràn, 23 sí 29. Ìyókù, 22 wálẹ̀. Wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé ń lò ó. Nígbà tó di 2019, àwọn tó ni géèmù náà fúnra wọn yọ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n fi ìràwọ̀ àti ọ̀pá mẹ́ta tó ń kún rọ́pò rẹ̀.

Ìyẹn ni pé bí ọ̀rọ̀ rẹ bá jẹ́ nọ́ńbà tó kàn wọ agbádá, àwọn tó ń ṣeré á bọ́ agbádá yẹn lọ́rùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wá wo géèmù Dwarf Fortress, tó ti wà láti 2006. Nọ́ńbà tó wà nínú ikùn rẹ̀ kò lóǹkà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ló ń bá ẹ sọ: ẹni yìí lágbára gan-an, ẹni yẹn kì í tètè rẹ̀. Tí ìjà bá dé, á sọ ibi tí ọgbẹ́ wà àti ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ò sì ní lè dìde mọ́ lóòótọ́. Títí di òní làwọn tó ń gbá a ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn níbẹ̀ pa ìtàn fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ tibẹ̀ kì í ṣe agbádá, ara ni.

Ọmọ_Oníkòyí
Ọmọ ọdẹ ni mí, láti Ìkòyí-Ilé. Ṣé ẹ̀yin ará Under-G ò gbọ́ ìjálá mọ́ ni? Kò sí ẹranko tí kò ní oríkì lẹ́nu ọdẹ: erin, efọ̀n, ẹkùn, títí kan ọ̀yà àti òkété. Ẹ ò ní gbọ́ iye kílò níbẹ̀. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni bí erin ṣe ń fọ́ igi, bí ojú ọ̀nà ṣe máa ń rí lẹ́yìn tó bá kọjá, ohun tó ń jẹ, ìgbà tó ń bínú. Ọmọ tó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sígbó á ti mọ ẹranko yẹn kó tó fojú kàn án. Ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú efọ̀n tí ọmọ yẹn kọ̀. Akọ ẹkùn lè wọ̀n tó 60 kílò, efọ̀n lè ju ìlọ́po márùn-ún ìyẹn lọ. Ìwọ wá fún ẹkùn ní 91, o fún efọ̀n ní 88. Ó dáa, géèmù rẹ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀n ló ń pa ọdẹ. Efọ̀n tí wọ́n yìnbọn fún tí kò kú, ó lè wọ inú igbó bí ẹni tó ń sá, kó wá yí po, kó dúró dè ẹ́ lẹ́bàá ipa ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìwọ ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ lọ níwájú, òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Bí o bá kọ "Agbára 88" tí o ò sọ ìyẹn, o ò tíì sọ nǹkan kan nípa efọ̀n. Bí o bá sì sọ ọ́, tí efọ̀n inú géèmù rẹ ń sá lọ tààrà bí ewúrẹ́, irọ́ lo pa fún ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí náà ni wọn ò ṣe kà á.

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká wí pé a rí erin. Ọmọ tó ń ṣe géèmù rẹ, kí ló máa wí? Á ní òun rí 99.

Bàbá_Ìbejì_Sábó
Ọmọ Oníkòyí, mi ò lọ sígbó mọ́. Ẹran ọjà tó mi.

Ọmọ_UnderG
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbá mi mú. Lóòótọ́, efọ̀n mi ń sá lọ tààrà. Gbogbo ẹranko mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, bákan náà ni wọ́n ṣe ń sá. Nọ́ńbà wọn nìkan ló yàtọ̀.

Tíṣà_Ìṣirò_Ọ̀yọ́
Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílùú Ọ̀yọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé nọ́ńbà jáde nílé láìgbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀.

Àbúrò, ṣé o ti ṣírò ohun tí 88 àti 91 rẹ yẹn ń ṣe? Ká ní ẹranko kan ní Ẹ̀mí 100, ọfà rẹ ń yọ 9. Ọfà méjìlá ló máa pa á. Fi ẹyọ ọ̀kan kún un kó di 10, ọfà mẹ́wàá ti tó. O jèrè ọfà méjì lórí ẹyọ ọ̀kan. Tún fi ọ̀kan kún un kó di 11. Ọfà mẹ́wàá náà ni! Ọmọ tó lo owó inú géèmù láti kúrò ní 10 bọ́ sí 11 rò pé òun ti gòkè, bẹ́ẹ̀ kò kúrò lójú kan. Lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ ìṣirò kí o rí i.

Nítorí náà, nọ́ńbà tó ń ṣèrànwọ́ ni èyí tó dáhùn ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹni tó ń ṣeré. Kò sí ọdẹ tó ń béèrè pé Agbára mélòó. Ohun tó ń béèrè ni pé: ọfà mélòó ni mo máa ta, ìgbà mélòó ni mo lè fara gba kí n tó ṣubú? Kọ ìyẹn. Nọ́ńbà méjì. Mú mẹ́ta yòókù pamọ́ sínú kóòdù rẹ.

Ẹ̀sùn mi lórí ọ̀rọ̀ wá ni pé kì í ní òṣùwọ̀n. O kọ "ó lágbára gan-an" sára ẹkùn, o kọ "ó lágbára púpọ̀" sára efọ̀n. Èwo ló ju èwo lọ? Ìwọ gan-an ò mọ̀.

Kí n má sì gbàgbé, nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò náà ń dójú tini. Láti 1996 ni ìwé ẹranko inú Pokémon ti ń kọ gíga àti ìwọ̀n pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ṣókí. Wailord, tó dà bí àbùùbùtán, gùn ní mítà 14.5. Ìwọ̀n rẹ̀? 398 kílò, irinwó ó dín méjì péré. Snorlax, ẹranko inú rẹ̀ tó máa ń sùn sójú ọ̀nà, tí kò ga ju mítà 2.1 lọ, wọ̀n 460. Àbùùbùtán tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tó wá fúyẹ́ ju ẹni tó sùn sójú ọ̀nà lọ, bàlúùnù tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ lọ́jọ́ ọdún ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń fi rẹ́rìn-ín.

Àṣàkẹ́_Akẹ̀sán
Tíṣà wa, ẹ kú àlàyé. "Gan-an" àti "púpọ̀" ò ní òṣùwọ̀n lóòótọ́. Àmọ́ Yorùbá ní àwọn ọ̀rọ̀ tó gbé òṣùwọ̀n wọn sínú ohùn. Ẹ sọ pé rógódó. Ẹ tún sọ pé rògòdò. Ta ló máa sọ fún yín èyí tó tóbi? Ohùn òkè fún kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ fún ńlá. Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀ ọ́n láìlọ síléèwé. Ṣé ojú òkété máa rí rògòdò ni?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìrìn. Tí ilẹ̀ bá ṣú nínú géèmù, má fi nọ́ńbà hàn, má fi àwòrán hàn. Kọ ohun tí etí gbọ́ nìkan. Ohun kan ń yọ́ kẹ́lẹ́. Ohun kan ń bọ̀ gìrìgìrì. Kí ọmọ yẹn pinnu bóyá á sá tàbí á dúró. Tó bá ṣi yàn lẹ́ẹ̀mejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Àdùkẹ́_Kóòdù
Àǹtí Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún un kó tó sáré lọ kọ ọ́. Àmì ohùn! Tí fọ́ǹtì rẹ, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí o yàn, ò bá lè gbé e, rógódó àti rògòdò á jọ di rogodo, òṣùwọ̀n ti kú nìyẹn. Ẹ àti ọ ní kóòdù tiwọn nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tí àmì bá ti gun wọn lórí, bíi ẹ́ tàbí ọ̀, kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún un mọ́: lẹ́tà ló máa ń kọ́kọ́ wà, àmì á tẹ̀lé e. Fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ tó rẹwà tí àwọn èèyàn ń kó sínú géèmù, àpótí òfìfo ni púpọ̀ nínú wọn máa fi hàn ẹ́ níbẹ̀, tàbí kí àmì lọ jókòó sórí lẹ́tà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fọ́ǹtì Noto Sans gbé e dáadáa. Godot 4, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, náà ń tò ó bó ṣe yẹ. Ohunkóhun tí o bá ń lò, kọ "Ògbómọ̀ṣọ́" sójú rẹ̀ kí o kọ́kọ́ wò ó lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, má wò ó lórí kọ̀ǹpútà nìkan.

Ìyá_Fẹ́ranmí
Ẹ dákun, ẹ̀yin olóye, ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Ọmọ mi pé ọdún méje. Ó ń gbọ́ Yorùbá bí omi, kò tíì lè kà á. Ó lè ka 91. Ṣé ẹ rí i? Nọ́ńbà nìkan ni ojú rẹ̀ mọ̀ nínú gbogbo ohun tí ẹ kó síbẹ̀, òun ló ṣe ń wò ó. Ìlà mẹ́fà! Èmi gan-an ò ní kà á.

Bàbá àgbà yín ṣì wà, a dúpẹ́. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí ọmọ tẹ efọ̀n, kí ó gbọ́ ẹni tó mọ efọ̀n.

Ọmọ_UnderG
Ìyá Fẹ́ranmí, ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Kí ló dé tí ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn! Mo tiẹ̀ ti ní ohùn wọn lórí fóònù, mo fi gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni kí ápù má lọ wúwo jù, dátà ò rọrùn fáwọn èèyàn.

Àdùkẹ́_Kóòdù
Kò lè wúwo. Ohùn ìṣẹ́jú-àáyá 15 ní 32 kbps ò ju 60 KB lọ. Mẹ́rìnlélógún rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi MB kan àtààbọ̀. Àwòrán rẹ nìkan á ju ìyẹn lọ. Ṣáà gé ibi tí àkùkọ ti ń kọ.

Ògbólógbòó_PS2
Ẹ̀yin ará, gbogbo yín ń jà lórí ohun tí ẹ máa kọ. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ kọ nǹkan? Ẹ jẹ́ kí ẹranko sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Géèmù Monster Hunter àkọ́kọ́, 2004, mo gbá a títí ọwọ́ mi fi lé. Kò sí ọ̀pá ẹ̀mí, èyí tó ń fi iye ẹ̀mí tó kù hàn, lórí ẹranko. Nínú àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, tó bá rẹ̀ ẹ́, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Tó bá kù díẹ̀ kó kú, á máa tiro lọ síbi tó ń sùn. Ìwọ tí o ń lépa rẹ̀ á rí i, inú rẹ á dùn ju kí wọ́n kọ 12/100 síbẹ̀. Nígbà tí Monster Hunter: World dé ní 2018, wọ́n fi nọ́ńbà sí ibi tí o bá gbá a, ṣùgbọ́n o lè yọ nọ́ńbà náà kúrò. Ohun tí mo kọ́kọ́ yọ nìyẹn. Wọn ò sì tíì fi ọ̀pá ẹ̀mí sórí ẹranko níbẹ̀. Doom ní 1993 náà, ta ló rí iye ẹ̀mí àǹjọ̀nú kankan níbẹ̀?

Ọmọ_UnderG
Bọ̀dá, mo gbà pẹ̀lú yín, àmọ́ èmi nìkan ni mò ń yàwòrán, àwòrán mẹ́rin péré ni ẹranko kọ̀ọ̀kan ní. Mi ò ní agbára itọ́.

Ògbólógbòó_PS2
Ya ẹyọ kan sí i: èyí tó ń tiro. Ọ̀kan péré. Tí ìyẹn náà bá le, lo àwọ̀. Resident Evil ní 1996 kò fi iye ẹ̀mí rẹ hàn ẹ́. O dáa, ṣọ́ra, ewu dé, òun nìkan ló ń wí, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ pupa. Ó tó láti mú kí ọwọ́ èèyàn gbọ̀n.

Tíṣà_Ìṣirò_Ọ̀yọ́
Èmi ò gbà fún bọ̀dá yìí tán. Ní ìgbà àkọ́kọ́, títiro dáa. Ní ìgbà ọgbọ̀n tí ọmọ bá pàdé ọ̀yà kan náà, ó kàn fẹ́ mọ iye ọfà ni kó máa lọ. Ẹ má fìyà jẹ ẹ́.

Bàbá_Ìbejì_Sábó
Òun ni mo ń wí! Kó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn, kó jà, kó jìyà díẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, kí nọ́ńbà ṣí sílẹ̀ fún un. Ó ti ṣiṣẹ́ fún un nìyẹn.

Ọmọ_Oníkòyí
Mo fara mọ́ ìyẹn. Àmọ́ ẹni ìkẹyìn inú géèmù, èyí tó le jù, má ṣí tirẹ̀ láéláé. Ìlú yín gan-an, orí ẹni tí gbogbo ayé ń sá fún ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó ka iye Agbára Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ni orí náà fún Ṣọ̀ún tó gé e kó tó jáde sí i.

Ọmọ_UnderG
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí mo ṣe rèé. Mo dá ọ̀rọ̀ ìlà mẹ́fà dúró, mo fi ohùn bàbá àgbà síbẹ̀, mo wá kọ ìlà kan ṣoṣo sábẹ́ àwòrán. Òfin tí mo fún ara mi ni pé ìlà yẹn ò gbọdọ̀ sọ ohun tí kò sí nínú kóòdù. Ìyẹn ló pa mí jù, torí nígbà tí mo kọ "ọ̀yà kì í jìnnà sétí omi," mo ní láti lọ tún odò ṣe. Ẹranko mẹ́sàn-án nìkan ni mo tíì parí. Nọ́ńbà méjì tí Tíṣà sọ ló kù, wọn ò sì ní hàn àfi lẹ́yìn ìpàdé kẹta.

Efọ̀n rèé báyìí: "Bí o bá ta á tí kò ṣubú, má tẹ̀lé e." Tí o bá tẹ àwòrán, bàbá àgbà á sọ ìdí ẹ̀.

Mo gbé e padà fáwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó kọ efọ̀n lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ gbà á. Kò tẹ ohùn, kò ka ìlà. Ó ta efọ̀n lọ́fà mẹ́ta, efọ̀n sá wọgbó, ó rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó tẹ̀lé e. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe parí. Ó pariwo pé, "Ẹ ò sọ fún mi!" Ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Wọ́n sọ, bàbá yẹn sọ ọ́, ìwọ lo ò tẹ̀ ẹ́." Ó wá tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dákun jẹ́ kóun gbọ́ ti ẹkùn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin yẹn mú ìwé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ dé. Ó ti fi rúlà ya ìlà sẹ́yìn rẹ̀. Ó ń ka ọfà fúnra rẹ̀, kò dúró de ìpàdé kẹta mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀: "Efọ̀n. Ọfà 9. Ó ń díbọ́n."

Tíṣà_Ìṣirò_Ọ̀yọ́
Ẹ bá mi wá ọmọ yẹn.

Àṣàkẹ́_Akẹ̀sán
"Ó ń díbọ́n." Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ dáa ju tìrẹ lọ, àbúrò. Lọ yí i padà.

Ọmọ_UnderG
Mo ti yí i.

Ìyá_Fẹ́ranmí
Géèmù ọ̀hún dà? Fẹ́ranmí ti ń bi mí.

Ọmọ_UnderG
Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, mà. Òkété ṣì ń rìn gba inú igi kọjá.